Abọ́ Kì í Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Padà Wálé: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Màmá Àṣàkẹ́, Ìyá Alábọ́ Bẹyẹrunka

Ó dìgbà o, Màmá Àṣàkẹ́! Ó di ìgbà tí mo bá ń fọ abọ́ lọ́wọ́, tí mo yíjú sẹ́yìn láti mọ̀ bóyá ẹ ń wò mí, tí n kò sì ní í bá ẹnì kankan níbẹ̀. Ikú mú Ìyá Alábọ́ lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Òkè Mapo kò ṣípò, wọ́n ń ná Ọjà'ba bí wọ́n ṣe ń ná an, àwọn ọlọ́kadà ṣì ń sáré kiri, ṣùgbọ́n nílé tiwa, nǹkan ti yí padà. Ó dùn mí, Màmá. Ó dùn mí wọ eegun.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa sin Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́. Èmi ni Ìyá Kàfáyà, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé Màmá ní Bẹyẹrunka. Màmá kọ́ ló bí mi, n kì í sì í ṣe ìyàwó ilé wọn. N kò bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn rí, nítorí mùsùlùmí ni mí. Àwọn ọmọ wọn ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ètò ìsìnkú, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ Màmá jẹ́ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọrùn mi sì ni kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ náà wà lónìí. Ohun kan wà tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó dìde lórí àga. Ẹ fara balẹ̀, n ó rò ó dé ibẹ̀.

Màmá, ẹ̀yin ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Àṣàkẹ́ elewé, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sísàlẹ̀ Mapo láti ìgbà ọmọge títí irun fi funfun, tí ẹ ń ta ewé eéran fún àwọn ẹlẹ́kọ àti àwọn tó ń se mọ́ínmọ́ín. Ìgbà tí ọ̀rá dé, tí ẹlẹ́kọ ń fi ọ̀rá dì í, tí olólele ń fi ike ṣe é, ọjà ewé bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ bínú sí ọ̀rá láti ìgbà náà, ẹ kò sì fi pamọ́. Àwọn kan ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọjà ẹ̀ tó kú ló ń bínú sí." Ẹ dá wọn lóhùn pé: "Bẹ́ẹ̀ ni, ọjà mi ni. Ẹ̀yin náà, gọ́tà yín ni. Ohun tọ́wọ́ bá sọ nù, ẹsẹ̀ ló máa pàdé ẹ̀." A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọ̀rọ̀ arúgbó tó ń wá oníbàárà la kà á sí.

Àṣé ẹsẹ̀ tiyín gan-an ni yóò pàdé rẹ̀. Nígbà tí ẹ sin ọkọ yín, Bàbá Délé, ìsìnkú náà dùn, oúnjẹ kárí. Inú páálí funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nì, tí à ń jẹ tán tí à ń jù sọnù, ni wọ́n bu ìrẹsì sí, wọ́n sì lẹ àwòrán Bàbá mọ́ ìdérí kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ yín ni ẹ fi pín in. Nígbà tí òjò tó lágbára dé, gọ́tà dí, omi ya wọ pálọ̀ yín, ó gbé tìmùtìmù lórí àga. Bí gbogbo wa ṣe ń gbọ́n omi, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fa nǹkan kan yọ lábẹ́ àga. Ìdérí páálí ni. Bàbá Délé ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ sì bò ó lójú méjèèjì.

Ẹ kò sunkún. Ẹ fi etí ìró yín nu ojú náà, ẹ ní: "Ọwọ́ mi ni mo fi pín in. Èmi ni mo da ọkọ mi sí gọ́tà." Lẹ́yìn náà ni ẹ wí gbólóhùn tí gbogbo wa tó wà níbẹ̀ gbọ́: "Wọn ò ní í bá ojú tèmi níbẹ̀." Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí rántí gbólóhùn yẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ bẹ̀rẹ̀. Ilé kan, abọ́ kan. Ẹ wọlé, ẹ jáde, ẹ gun àkàsọ̀ tí ọmọdé ń bẹ̀rù, ẹ ń tọrọ abọ́ tánganran kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ olúkúlùkù ilé. Nígbà tí mo bi yín pé kí ni ẹ fẹ́ fi abọ́ ẹyọ kan ṣe, ẹ ní: "Abọ́ ẹyọ kan ò tó nǹkan. Abọ́ gbogbo àdúgbò tó ṣe ìnáwó." Bọ̀dá Múfú tó ń kun mọ́tò lọ́dà bá wa ya àmì ilé kọ̀ọ̀kan sí ìdí abọ́ rẹ̀. Wọ́n ya àlùmọ́gàjí sí tèmi, nítorí aránṣọ ni mí. Wọ́n ya ewé sí tiyín. Gbogbo rẹ̀ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà létí ìró yín tọ̀sán-tòru. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìnáwó ní àdúgbò yóò wá kó abọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní í ra páálí, àwa tí a fara wa sílẹ̀ yóò sì bá a fọ̀ ọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Bí Ẹgbẹ́ Alábọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: elewé kan, aránṣọ kan, ọlọ́dà kan, àti àwọn ìyá mélòó kan tí wọ́n ń kùn sínú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ lò ó. Mo ń sọ àbíkẹ́yìn mi lórúkọ. Ààfáà ṣàdúrà tán, ìrẹsì jinná, ẹran pọ̀. Mo ní kí sàráà mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè wá, kí àlùbáríkà lè pọ̀, mo sì ń bu oúnjẹ sínú abọ́ fún àwọn èèyàn láti gbé lọ. Ẹ̀yin náà mọ ìwà wa níbí: a kì í ti ibi ìnáwó dé lọ́wọ́ òfìfo. Nígbà tí àwọn àlejò mi rí abọ́ tánganran tó ń dán, tí wọ́n yí i wò tí wọ́n rí àmì aláràbarà nídìí rẹ̀, wọ́n gbà pé ẹ̀bùn ìnáwó ni. "Ìyá Kàfá mà náwó o! Tánganran ló fi ṣe súfẹ́níà!" Bí wọ́n ṣe ń wí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níwájú òkú. Mo gbọ́ ọ. Ìyìn náà dùn mọ́ mi, n kò tètè la ẹnu mi láti tún un ṣe. Kí wọ́n tó pe ìrun àlàásárì, kọ́bọ́ọ̀dù Màmá ti di òfìfo. Abọ́ àdúgbò ti fọ́n ká láti Ògùnpa dé ibi tí n kò mọ̀.

Mo wá bá yín pẹ̀lú omijé lójú. Mo ní, "Màmá, mo ti ba yín jẹ́. A kì í gba sàráà padà lọ́wọ́ ẹni." Ẹ wò mí títí, ẹ ní: "Ìrẹsì ni sàráà. Abọ́ ni ti àdúgbò. Wé gèlè ẹ, à ń lọ." Mo ní bóyá wọ́n á dá a padà fúnra wọn. Ẹ ní: "Ìyá Kàfá, abọ́ kì í fẹsẹ̀ ara ẹ̀ padà wálé."

Àwọn ọjọ́ yẹn! A rìn títí bàtà mi fi já. A bá òmíràn lọ́dọ̀ ẹni tó ti fi ń wọn gàrí. A bá òmíràn níwájú adìyẹ. Obìnrin kan búra lójú wa pé ara ẹrù ìyàwó òun ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ dojú abọ́ dé, ẹ nawọ́ sí àlùmọ́gàjí tó wà nídìí rẹ̀, ẹ ní: "Ṣé aránṣọ lọkọ ẹ ni?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín ṣubú. Obìnrin náà di ọ̀kan nínú wa lónìí, ó sì mọ abọ́ í fọ̀ jù mí lọ.

Lẹ́yìn náà la dé Bẹẹrẹ, a dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà Ṣìfáwù. Ìyá arúgbó ni, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó ń dá gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n káàkiri ayé. Aládùúgbò kan ló gbé ìrẹsì ìsọmọlórúkọ mi fún un. A bá abọ́ náà lórí fèrèsé. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó ti fi gèlè wé e. Mo nawọ́ kí n gbà á kí a máa lọ, nítorí ilé tó kù pọ̀. Ìyá Àgbà ní: "Mo mọ̀ pé olóhun á wá a wá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ tí nǹkan oníǹkan ti wà lọ́wọ́ mi gbẹ̀yìn. Ta ló ń wá mi wá?"

Màmá, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ ní kí n lọ pọn omi wá. A kò dé ilé mìíràn lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe ń padà bọ̀, a gba Ọjà'ba kọjá. Ibẹ̀ ni ẹ ti dúró láàárín èrò, ẹ ní: "Àṣìṣe ẹ yẹn, a ò ní í pè é ní àṣìṣe mọ́. Ìnáwó kan ò gbọdọ̀ parí kí abọ́ díẹ̀ má jáde lọ bá ẹni tí ò lè wá. Ẹni tó bá gbé e lọ ló máa padà lọ mú un, kò gbọdọ̀ rán ẹlòmíì. Tó bá sì débẹ̀, kó jókòó." Òfin tí a ń lò títí dòní nìyẹn. Abọ́ ló ń fún wa ní ìdí láti padà.

Nípasẹ̀ rẹ̀ la fi bá bàbá kan tó ti ṣubú nínú ilé tí kò lè dìde. Nípasẹ̀ rẹ̀ la fi mọ ọlọ́mọ tuntun tí ọmú rẹ̀ wú tí ojú ń tì í láti sọ. Àwọn Aládùúrà ń lọ sílé Ìmàle, àwa náà ń lọ sílé oníṣẹ̀ṣe, abọ́ kò bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn rẹ̀. Omi tí a fi ṣan abọ́, ẹ ní kí á máa dà á sídìí tẹ̀tẹ̀ tí ẹ gbìn sínú àwọn àgbá fífọ́ lẹ́bàá ògiri. Gọ́tà iwájú ilé wa kò mọ́ bí ojú dígí o, n kò ní í purọ́ nítorí òkú. Ṣùgbọ́n omi ń kọjá, kò sì wọ pálọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ má rò pé ẹni tútù la wá sin. Màmá le! Màmá, ẹ ti dá mi padà níwájú oníbàárà mi rí pé abọ́ tí mo fọ̀ ń run ẹja. Gbajúmọ̀ kan fẹ́ fi abọ́ ra ojú ayé, ó ní òun yóò ra tuntun fún wa bí a bá lè ya orúkọ òun sí ìdí gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kó lọ mú abọ́ ẹyọ kan wá láti ilé rẹ̀ bíi ti gbogbo wa. Inú bí i. Lẹ́yìn oṣù kan, ó mú un wá, ó sì fún yín pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀.

Màmá, ohun kan wà tí ó ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí ẹsẹ̀ yín wú, tí ikọ́ kò jẹ́ kí ẹ lè sọ̀rọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, ẹ nà án sí mi. Mo ní, "Ẹ ò tíì lọ síbì kankan, Màmá. Ẹ so ó padà." Ẹ kò bínú, ẹ kàn so ó padà. Mo rò pé bí n kò bá gba kọ́kọ́rọ́, ikú náà kò ní í gbà yín. Ìwà òmùgọ̀ ni. Ẹ foríjì mí.

Ẹ lọ tán, Bọ̀dá Délé, àkọ́bí yín, dé láti Èkó. Ọmọ dáadáa ni, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun wọ́n níbi òkú ìyá rẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n ṣe páálí, kí wọ́n lẹ àwòrán yín mọ́ ọn. (Òun ló ní kí n kọ ọ́ síbí, kí n má fi bò.) Nígbà tí mo takò ó níwájú àwọn àgbà ẹbí, ó ní: "Ìyá Kàfá, ẹ má bínú. Àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀. Ṣé abọ́ táwọn èèyàn ti ń lò látọjọ́ pípẹ́ la fẹ́ gbé fún wọn, bí ẹni tí ò rí jájẹ?" Mo ní kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tó wà létí ìró yín. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Lábẹ́ ìwé tí ẹ tẹ́ sórí pẹpẹ òkè, níbi tí mo ti mọ̀ pé ẹ fi í sí, mo yọ ìdérí páálí ọjọ́sí. Bàbá rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ ti gbẹ mọ́ etí ojú rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ òjò náà fún un. Bọ̀dá Délé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó fa fóònù yọ, ó ní kí wọ́n fagi lé e. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù, kò dá a padà sétí ìró yín. Ó fi sí mi lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbà á.

Ìgbà náà la wá ka abọ́ fún ìnáwó òní. Ó dín ẹyọ kan. A yí gbogbo rẹ̀ wò: eléwé ni kò sí níbẹ̀, abọ́ tiyín gan-an. Gbogbo ẹgbẹ́ ń wo ara wọn. Ta ló gbé e? N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo mọ ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ wíwú rìn lọ sí Bẹẹrẹ láìsọ fún ẹnì kan.

Mo se mọ́ínmọ́ín eléwé, mo gbé e sínú abọ́ tèmi, mo sì gba ọ̀nà Bẹẹrẹ lọ lẹ́yìn ìrun àìlà. Ìyá Àgbà gbọ́ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "Àṣàkẹ́, ṣé ẹsẹ̀ ẹ tó wú ti wálẹ̀?" Kò sí ẹni tó ti sọ fún un. Màmá, ẹ̀yin ni ó ń retí! Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ. Kò kígbe. Ó na ọwọ́ sí orí fèrèsé, ó tú gèlè kúrò lára abọ́, ó gbá a mọ́ àyà. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, mo ń ronú ibi tí n ó gbà jáde. Ó ní: "Jókòó." Mo jókòó. Ó ń sọ ìtàn yín fún mi títí oòrùn fi kúrò lójú ilẹ̀kùn, àwọn èyí tí n kò gbọ́ rí. Nígbà tí mo dìde, ó gbé abọ́ yín lé mi lọ́wọ́, ó sì fa abọ́ onímọ́ínmọ́ín mọ́ra. "Ọjọ́ wo lò ń bọ̀ wá mú tìẹ?" Kò bi mí bóyá mò ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn, ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín nìyí. Abọ́ tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ẹ̀bùn kọ́. Ẹ jẹun yó, ẹ yí i padà kí ẹ wo ilé tó ni ín, kí ẹ sì gbé e fún àwa tí a so okùn ewé mọ́ ọrùn ọwọ́. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tí kò lè wá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀, a ó bu tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ bá gbé e lọ ni ẹ ó padà lọ mú un, ẹ ó sì jókòó. Ojú Màmá kò sí lára páálí kankan lónìí, kò sí lára ọ̀rá omi. Ara ìwé yìí nìkan ló wà. Ẹ gbé e relé, ẹ má jù ú sí gọ́tà. Iṣẹ́ yìí kò ní í kú mọ́ wa lọ́wọ́. Bí ó bá ku èmi nìkan, n ó máa fọ̀ ọ́.

Àṣàkẹ́ elewé, a ti mú ìlérí yín ṣẹ. Ilẹ̀ Bẹyẹrunka tí ẹ tọ́jú, kó tọ́jú yín. Ẹ sùn re o, Màmá. Abọ́ yín ti wálé. Tèmi wà ní Bẹẹrẹ, mò ń lọ mú un lọ́la, n ó sì jókòó.

Ìyá Kàfáyà,
fún Ẹgbẹ́ Alábọ́ Bẹyẹrunka